Gèlè Ìyá Àṣàbí

"Ẹni tó nàró, gèlè ni yóò rí, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń rí ojú ìyá àgbà." Bí ẹ bá ti gbé ní Ayégún fún ọ̀sẹ̀ kan péré, wọ́n á ti pa òwe yìí lójú yín, bóyá wọ́n tilẹ̀ ti pa á mọ́ ẹ̀yin gan-an. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń sọ pé òwe láéláé ni, pé àwọn tó tẹ ìlú dó ló pa á. Irọ́ ni. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, mo mọ ilé rẹ̀. Ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sọ ọ́, iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín kíláàsì rẹ̀ àti tèmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí àwa tó mọ̀ ọ́n tó tán.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Gbádégẹṣin. Ìwé karùn-ún ló ń kọ́, èmi ń kọ́ ìwé kẹta. Tíṣà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó ra kámẹ́rà kan bọ̀ láti Ìbàdàn, láti ọjọ́ náà ni ọrùn rẹ̀ kò ti sinmi mọ́. Ó gbé e kọ́ ọrùn lọ sí ilé-ìwé, ó gbé e kọ́ ọrùn lọ sí oko, ìyàwó rẹ̀ sì sọ fún mi pé díẹ̀ ló kù kó gbé e kọ́ ọrùn wọ ilé ìwẹ̀. Kì í fi ṣòwò. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é. Kò sí ẹni tí kò yà ní Ayégún, kò sì sí ẹni tó yà tó pé. Ó ya ọ̀gá ilé-ìwé wa, orí ọ̀gá kò sí níbẹ̀. Ó ya èmi náà lábẹ́ igi máńgòrò, etí mi kan àti máńgòrò mẹ́ta ló jáde.

Ohun tó dára nínú ìwà rẹ̀ ni pé ó fẹ́ mọ̀ ọ́n yà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ti gba àwọn àwòrán bọ̀ láti Ṣakí, níbi tí wọ́n ti ń bá a fọ fíìmù, yóò tẹ́ wọn sórí tábìlì àwa tíṣà, yóò ní kí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún òun. A ó sọ ọ́. Ìgbà náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wa pé oòrùn ló fà á, tàbí pé ẹni tí òun ń yà ló mira, tàbí pé fíìmù náà ti pẹ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fẹ́ràn ìmọ̀ràn púpọ̀. Ó kàn jẹ́ pé kì í gbé e mì ni.

Nǹkan kan tún wà tó bá kámẹ́rà náà dé. Ẹ mọ bí ọmọkùnrin ṣe ń kí àgbà nílẹ̀ wa. Kí Gbádégẹṣin tó ra kámẹ́rà, gbalaja ló máa ń dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn tó rà á, bí ó bá pàdé àgbà, yóò fi ọwọ́ kan di nǹkan náà mú mọ́ àyà, yóò mi orí bí aláǹgbá, yóò ní kí wọ́n má bínú, nǹkan ẹlẹgẹ́ ló wà lọ́rùn òun. Àwọn àgbà sì gbà fún un. Mo rò pé àwọn mìíràn nínú wọn ń bẹ̀rù pé bí ó bá fi kan ilẹ̀, ó lè bú gbàmù.

Ní Ìsàlẹ̀-Odò, ìyá arúgbó kan wà tó ń jẹ́ Àṣàbí. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún ló fi po òrí, iṣẹ́ tí a ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣe sì ni òrí pípò. Nígbà tí yóò fi lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò sì gbé orí sókè mọ́. Bí ó bá jókòó, orúnkún ara rẹ̀ ló ń wò. Àbúrò kan ṣoṣo ló kù fún un láyé, Àwẹ̀ró, tó lọ́kọ sí Kétu láti ìgbà ọmọge. Ó ti di ọdún méjìlá tí àwọn méjèèjì ti fojú kan ara wọn. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n kò gba ìrìn àjò, ẹsẹ̀ àbúrò náà kò gbà á, etí Àwẹ̀ró sì ti di tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé ariwo ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ sì mọ ohun tí a máa ń ṣe. Bí ẹnìkan bá kú, a kì í déédéé tú u fún àbúrò rẹ̀ tó ti darúgbó. A ó ní ara rẹ̀ kò le díẹ̀, a ó ní ó lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, títí a ó fi rí ẹni tí yóò gbójú sọ ọ́. Àwẹ̀ró mọ ọgbọ́n yìí dáadáa, òun alára ti bá wọn fi tan ẹlòmíràn rí. Nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Rájí, ọmọ Àṣàbí, tó máa ń ná ọjà Kétu, búra fún un títí pé ìyá òun wà láàyè. Àwẹ̀ró ní ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ rán sí òun pẹ̀lú irọ́ náà nìyẹn. Ó ní kí wọ́n mú àwòrán ẹ̀gbọ́n òun wá kí òun fojú ara òun rí i.

Ilé Gbádégẹṣin ni Rájí gbà lọ. Ayọ̀ Tíṣà kò ṣeé fẹnu sọ, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnìkan máa wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ya fọ́tò. Ó dé Ìsàlẹ̀-Odò, ó mi orí, ó nàró síwájú ìyá, ó tẹ kámẹ́rà. Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù náà tán ní Ṣakí, Rájí gba àpòòwé níbẹ̀, ó sì kọjá sí Kétu láìtú u wò. Àwẹ̀ró ló tú u. Gèlè ló rí, gèlè aṣọ òkè kan tó tóbi, tó jókòó lórí èjìká méjì, láìsí ojú, láìsí imú.

Ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Nígbà tó yá, ó ní wọ́n ti mú gèlè ẹ̀gbọ́n òun wé orí ẹlòmíràn, kí wọ́n kúkú sọ ọjọ́ tí wọ́n sin ín fún òun. Láti ọjọ́ náà ló ti kọ oúnjẹ, àfi ẹ̀kọ mímu tí wọ́n bá fi ẹ̀bẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí Rájí tètè wá nǹkan ṣe, kí ó má di pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ni yóò ṣáájú ẹni tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ìbẹ̀rù mú Tíṣà wàyí. Ó tẹ́ àwòrán náà tí Rájí mú bọ̀ sórí tábìlì wa, ó ní kí a gba òun. Gbogbo wa di ọ̀gá ayàwòrán ní ọjọ́ náà. Ọ̀gá ilé-ìwé ní ibi tó yà á ṣókùnkùn jù. Ẹnìkan ní kó sún mọ́ ọn. Ẹnìkan ní kó máa mú èémí dúró bí ó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, kí ọwọ́ má baà gbọ̀n. Ẹni tó ń fọ fíìmù ní Ṣakí náà ní kó má jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn ìyá. Ẹ̀yin èèyàn mi, lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé ìmọ̀ràn mì. Ó gbé ìyá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó mú èémí dúró, ó sì yà á. Àwòrán kejì mọ́ kedere, kò gbọ̀n rárá; a lè ka òwú inú gèlè náà níkọ̀ọ̀kan. Ojú ìyá kò sí níbẹ̀.

Ó ní kí èmi tẹ̀lé òun ní ìgbà kẹta, kí n bá òun di aṣọ funfun mú sẹ́yìn ìyá. Bí a ti wọlé, mo kúnlẹ̀ kí Ìyá Àṣàbí gẹ́gẹ́ bí mo ti ń kí i láti kékeré, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi, ó béèrè àwọn ọmọ mi. Tíṣà mi orí, ó gbé kámẹ́rà sójú. Ó wò ó títí, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó yíjú sí mi.

"Ìyá Wúràọlá," ó ní, "ẹ bá mi fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n ìyá sókè díẹ̀."

Ọwọ́ mi wúwo. Kí n fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n Ìyá Àṣàbí bí ẹni ń yẹ eyín ẹran wò? Rájí wúkọ́, ó kọjú sí ògiri. Ojú tì mí fún Tíṣà, ó tì mí fún ara mi. Ìyá fúnra rẹ̀ ló gbà mí sílẹ̀. Ó béèrè ta ló ń sọ̀rọ̀. Rájí ní Tíṣà ni, ẹni tó ti wá lẹ́ẹ̀mejì láti yà wọ́n.

"Èmi ò mọ Tíṣà kankan," Ìyá Àṣàbí ní. "Bàtà ni mo mọ̀. Bàtà dúdú kan ti wá síbí lẹ́ẹ̀mẹta, okùn ọ̀tún rẹ̀ funfun, okùn òsì dúdú. Mo kàn ń gbọ́ ohùn lókè bí ẹni pé orí àjà ni olúwarẹ̀ wà. Wọ́n ní ó ń wá ojú mi. Èmi náà ń wá ojú rẹ̀. Ọmọ mi, ẹni tó nàró, gèlè ni yóò rí."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, mo rí i, nítorí mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi, ó sì dùn mí wọ inú egungun. Gbogbo Ayégún ló mọ ojú ìyá yìí. Àwa obìnrin ń kúnlẹ̀ fún un, àwọn ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀ fún un, ojú rẹ̀ ló sì ń kí wa káàbọ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀. A jókòó yí tábìlì ká, à ń sọ̀rọ̀ oòrùn àti èémí, kò sí ẹnìkan nínú wa tó rántí sọ ohun tí gbogbo wa mọ̀ fún un.

Gbádégẹṣin dúró bí ẹni tí ọ̀gá lù láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó bọ́ kámẹ́rà lọ́rùn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó wo ṣòkòtò rẹ̀ tó ta sítáàṣì, ó wo ilẹ̀ tí wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù pa. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀, àyà àti ikùn, ó kí ìyá, ó sì gbé ojú sókè.

Ìyá Àṣàbí wò ó dáadáa. Ó béèrè ọmọ ta ni. Tíṣà ní ọmọ ilé Gbádégẹṣin ti Òkè-Ọjà ni òun.

"Àní mo ní mo mọ imú yìí," ìyá ní. "Imú bàbá bàbá rẹ ni. Òun náà kì í tètè gbọ́ràn. Mo kọ̀ ọ́ nígbà ọmọge, ìyá bàbá rẹ ló wá bá mi gbà á."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àgbà tí eyín méjì ń dá rín. Tíṣà na ọwọ́ sẹ́yìn láìdìde, mo gbé kámẹ́rà lé e. Ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, ọwọ́ kò ráyè gbọ̀n. Ó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó gba ìyẹn bọ̀ láti Ṣakí, ó gbé e sórí tábìlì wa, kò sì ṣàlàyé nǹkan kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọ̀gá ilé-ìwé bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó. Kò sí ìmọ̀ràn lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Rájí gbé e dé Kétu. Ó ní Àwẹ̀ró mú un sún mọ́ ojú, ó mú un jìnnà, ó tún mú un sún mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Ó ní, "Àṣàbí, ṣé ìwọ lo gbó tó báyìí? Eyín ẹ dà?" Omijé ń bọ́, ó ṣì ń bú u. Nígbà tó sinmi, ó béèrè lọ́wọ́ Rájí pé ta ló dọ̀bálẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n òun níbẹ̀. Ó ya Rájí lẹ́nu, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú àwòrán náà. Àwẹ̀ró ní bí ẹ̀gbọ́n òun ṣe máa ń wo ọmọ tó bá kí i dáadáa nìyẹn, kò sí òkú tó lè wo èèyàn bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé iyán wá, kí wọ́n má fi ẹ̀kọ tàn òun mọ́.

Òwe ọ̀hún nìyẹn. Ìdajì rẹ̀ ni Ìyá Àṣàbí sọ. Ìdajì kejì, ìlú ló fi kún un. Àwọn àgbà Ayégún máa ń pa á bí ẹnìkan bá ń wá ìmọ̀ràn káàkiri lórí ohun tó sú u, tó ń tún irinṣẹ́ ṣe, tó ń tún ibi ìdúró ṣe, àmọ́ tí kò tíì rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Wọ́n ń pa á fún ọkọ ìyàwó tó ń bẹ àna rẹ̀ lórí ìnàró, wọ́n ń pa á fún olóyè tuntun tí kò mọ ohun tó ń dun ìlú. Kì í ṣe èébú. Ẹni tí wọ́n bá pa á fún níbí kì í fèsì. Ńṣe ni yóò jáde síta, yóò tún wọlé, yóò sì tún kí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.