Ọ̀kánlàwọ́n àti Ọ̀bọ̀kún Tó Sín Ohùn Jẹ

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi já ṣòbòlò, ó já sínú ọ̀sà. Kò rì, kò sì léfòó, àfi orí Ọ̀kánlàwọ́n apẹja ló lọ bà lé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Bí mo bá dárin, ẹ ó máa gbè é pé, 'Wẹ̀rẹ̀, omi ń lọ wẹ̀rẹ̀.' Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, Màmá!"

Ní ìlú kan létí ọ̀sà, apẹja kan wà tó ń jẹ́ Ọ̀kánlàwọ́n. Ó mọ ìwọ̀ jù, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ahun gbáà ni. Ọkọ̀ rẹ̀ kéré, ó tín-ín-rín bí èèpo erèé. Bí èèyàn bá sín nínú rẹ̀ báyìí, á máa mì jọ̀gọ̀-jọ̀gọ̀. Tanímọ̀ọ́wò ìyàwó rẹ̀ ló máa ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, tí á máa fi àjẹ̀ tù ú.

Àṣà kan wà nílùú náà. Ẹni tí ẹja ńlá bá gbé ìwọ̀ rẹ̀, tó bá ké sí àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù, wọn yóò jọ fà á dé èbúté, wọn yóò sì jọ pín in. Ẹni tó bá dá a gbé sínú ọkọ̀ tirẹ̀, òun nìkan ló ni ín.

Ọdún kan wá dé tí ẹja wọ́n bí ojú. Ata lásán làwọn èèyàn fi ń jẹ ẹ̀bà. Àwọn ọmọdé ń sunkún, àwọn àgbà ń fajú ro. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, tọkọtaya yìí wà lójú omi, okùn ìwọ̀ bá ró fììì! Ọkọ̀ yí po bírí. Nǹkan kan ti gbé ìwọ̀, ó sì ń wọ́ wọn lọ gbuurugbu. Ìgbà tó yọ ẹ̀yìn lójú omi, háà! Ọ̀bọ̀kún ni. Ó ga ju èèyàn lọ, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn bí pàṣán.

Tanímọ̀ọ́wò ké sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìdòwú, ẹ jẹ́ ká pe Bàbá Akínlùyì o! Àwọn àti àwọn ọmọ wọn ló ń dẹ àwọ̀n lẹ́yìn koríko yẹn."

Bàbá Akínlùyì yìí ni olórí àwọn apẹja ìlú.

Ọ̀kánlàwọ́n ní, "Kí wọ́n wá pín in mọ́ mi lọ́wọ́? Kò ṣeé ṣe."

"Ọkọ̀ wa ò gbà á. Ẹ jókòó sáàárín, ẹ tú okùn sílẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀, kó jà títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ẹja tí kò tíì rẹ̀, ẹ má fà á wọlé o."

"Dákẹ́! Ọkọ̀ ni kóo máa tù."

Tanímọ̀ọ́wò mú àjẹ̀, ó ń tukọ̀. Àṣé ọ̀bọ̀kún yìí ti ń gbọ́ wọn nísàlẹ̀ omi. Ó sín ohùn obìnrin náà jẹ, ó ṣe é rẹ́gí, ó wá rán an gba orí okùn ìwọ̀. Ohùn gba okùn wọ ọwọ́, ó gba ọwọ́ wọ etí Ọ̀kánlàwọ́n. Tanímọ̀ọ́wò tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀kánlàwọ́n, dìde dúró,
*Wẹ̀rẹ̀, omi ń lọ wẹ̀rẹ̀.*
Akin kì í jókòó mú ẹja,
*Wẹ̀rẹ̀, omi ń lọ wẹ̀rẹ̀.*
Ìwọ nìkan, ìwọ nìkan,
*Wẹ̀rẹ̀, omi ń lọ wẹ̀rẹ̀.*
Ìwọ nìkan lo ni mí o,
*Wẹ̀rẹ̀, omi ń lọ wẹ̀rẹ̀.*

Ó ya Ọ̀kánlàwọ́n lẹ́nu. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Ìyàwó mi tó ní kí n jókòó ló tún ń kọrin pé kí n dìde yìí? Ó dáa, ó ti wá rí i pé akin ni mí." Ló bá dìde. Ọkọ̀ mì jọ̀gọ̀!

Tanímọ̀ọ́wò pariwo, "Ẹ jókòó! Kí lẹ ń ṣe?"

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní kí n dìde?"

"Èmi? Èmi tí ẹ ní kí n dákẹ́?"

Ọ̀kánlàwọ́n jókòó. Orí rẹ̀ ń gbóná. Kò tíì jókòó tán tí orin tún dé:

Ọ̀kánlàwọ́n, okùn ń yọ̀,
*Wẹ̀rẹ̀, omi ń lọ wẹ̀rẹ̀.*
So ó mọ́wọ́, so ó le,
*Wẹ̀rẹ̀, omi ń lọ wẹ̀rẹ̀.*
Fà á wọlé, fà á wọlé,
*Wẹ̀rẹ̀, omi ń lọ wẹ̀rẹ̀.*

Òótọ́ ni okùn ń yọ̀. Ó wé e mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó so ó kókó.

"Bàbá Ìdòwú! Ta ló ń so okùn ìwọ̀ mọ́wọ́? Ẹ tú u!"

"Ìwọ náà ni, ìwọ náà ni! Ìwọ ló ń ní kí n so ó, ìwọ ló ń ní kí n tú u! Èwo ni kí n gbọ́?"

Ẹ̀rù ba obìnrin náà. Ó rò pé oòrùn ti pa ọkọ òun lórí. Ọ̀kánlàwọ́n sì ti dìde padà, ó fi ẹsẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó fa ọ̀bọ̀kún tipátipá. Orí ẹja wọlé, ọrùn wọlé. Ẹja yìí wá na ìrù rẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbàá! Ọkọ̀ dojú dé. Gbìràmù!

Ẹja fa Ọ̀kánlàwọ́n lọ sísàlẹ̀, ó gbé e wá sókè, ó tún fà á lọ. Ó mu omi títí inú rẹ̀ fi wú. Nígbà tó yọrí, ó gbọ́ ohùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, méjèèjì sì jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀.

"Ọ̀kánlàwọ́n, dì í mú! Má jẹ́ kó lọ!"

"Bàbá Ìdòwú, ẹ na ọwọ́ yín sí mi! Ẹ má fà á mọ́!"

Ó wo ọ̀tún, omi ni. Ó wo òsì, omi ni. Ó ń bi ara rẹ̀ pé, ìyàwó mélòó ni mo fẹ́? Èwo ló fẹ́ kí n yè?

"Ọ̀kánlàwọ́n, ẹja rẹ ń lọ!"

"Bàbá Ìdòwú, ọwọ́ yín dà?"

Ìgbà náà ló tó sọ sí i lọ́kàn. Láti ọjọ́ tí Tanímọ̀ọ́wò ti wọ ilé òun, ṣé ó fi orúkọ pe òun rí? Ṣé ó sọ pé "ìwọ" sí òun rí? Ẹ̀rù bà á ju ti omi lọ. Ta ni òun ti ń gbọ́ràn sí lẹ́nu látàárọ̀?

Ó na ọwọ́ sí ẹni tó ń pè é ní Bàbá Ìdòwú.

Tanímọ̀ọ́wò gbá a mú. Akèrègbè omi mímu wọn ń léfòó nítòsí. Ó so akèrègbè náà mọ́ okùn ìwọ̀, ó fa ọ̀bẹ ìdí rẹ̀ yọ, ó sì gé okùn kúrò lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, ó wá figbe ta: "Bàbá Akínlùyì, ẹ gbà wá o!"

Ọ̀bọ̀kún wọ́ akèrègbè lọ sísàlẹ̀. Akèrègbè ta padà sókè, pọ́ù! Ó wọ́ ọ lọ, pọ́ù! Ó wọ́ ọ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì dojú ikùn sókè gẹ̀rẹ̀jẹ̀.

Bàbá Akínlùyì àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti tukọ̀ dé. Wọ́n fa tọkọtaya náà yọ. Bàbá ní, "Kí ẹnikẹ́ni má dìde! Ẹ má gbé e wọkọ̀ o, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni kó wà." Wọ́n ki okùn bọ ẹja lẹ́nu, wọ́n wọ́ ọ jẹ́ẹ́jẹ́ dé ibi tí omi ò ju orúnkún lọ, wọ́n sì jọ fà á gun iyanrìn.

Gbogbo ìlú pín nínú rẹ̀. Ìpín Ọ̀kánlàwọ́n kò ju ti ẹlòmíràn lọ, kò sì janpata. Ó jókòó lórí iyanrìn, ó ń wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tí okùn ti bó. Ìgbà tó pẹ́, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ṣé o."

Tanímọ̀ọ́wò wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́. Ó ní, "Ṣé èmi lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ibi tí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyẹn, ó gúnlẹ̀ gbì! Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí n ké sí yín lọ́la kí ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tó kọ́ wa ni pé ká yé ṣe ojúkòkòrò. Ojúkòkòrò kì í jẹ́ ká mọ ohùn ẹni tó fẹ́ràn wa yàtọ̀ sí ohùn ẹni tó fẹ́ pa wá. Ohun tó bá ju agbára ẹnì kan lọ, kó ké sí èèyàn.