Omi Tí Gbádébọ̀ Mú Ìyàwó Rẹ̀ Lọ Wò

Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi Ìbídùn, nọ́ọ̀sì tí kò tíì gba ìsinmi láti ọdún mẹ́ta.

Ọkọ rẹ̀, Gbádébọ̀, ló rí ìrìn-àjò afẹ́ olówó pọ́ọ́kú, ọjọ́ mẹ́rin ní òtẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́bàá omi tó ń já bọ́ láti orí òkè.

"Bàbá Tọ́mi, oṣù kejì la wà yìí o. Ṣé omi ṣì wà níbẹ̀?"

"Ìwọ náà! Ṣé omi náà máa ń gba ìsinmi ni?"

Wọ́n débẹ̀, àpáta gbígbẹ ni wọ́n bá, alángbá ń yáàrùn lórí rẹ̀. Ẹni tó ń mú àlejò káàkiri mirí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀rùn ló jẹ́ kówó rẹ̀ jẹ́ pọ́ọ́kú."

Ìbídùn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn, ó sùn.

Lọ́jọ́ kẹta, Gbádébọ̀ gbé oúnjẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Tọ́mi, mo ti bi wọ́n o. Oṣù kẹsàn-án lomi máa ń kún."

"Ibi iṣẹ́ ò ní fún mi láyè mọ́ lọ́dún yìí. Ẹ gbé oúnjẹ sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ."