Àpótí Ahunṣọ Tó Wà Lẹ́yìn Ìlú

Omi fẹ́ kọjá, ọ̀nà há: ohun tí owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún sọ fún Láníhùn, àgbà ahunṣọ òfì, nìyẹn, ní ọdún tí ìtọ̀ kò jẹ́ kó jókòó pẹ́. Bó bá dìde lọ tọ̀, ó ń kán tó, tó; bó bá padà jókòó, á tún máa gbọ̀n ọ́n. Ọdún ọba sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Òun àti Olójèdé àbúrò rẹ̀ ló hun aṣọ ọba, àṣà ìlú sì ni pé ahunṣọ ni yóò di etí aṣọ náà mú láti ààfin dé ojúbọ, láìyà síbì kan. Bí ó bá tọ̀ sára lójú gbogbo ayé ńkọ́?

Ẹ̀rù yìí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣúntókí, ìyá arúgbó tí ń da owó ẹyọ. Olójèdé, tí àìsàn kan náà ń bá fínra, tẹ̀ lé e.

Ìyá wo ẹyọ. "Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n yín lórí òfì, ṣé ẹ máa ń dìde?"

"Kí n dìde kẹ̀, kí aṣọ wọ́?" ni Láníhùn wí. " Mo ń mú un mọ́ra ni. N kì í tiẹ̀ mu omi mọ́."

"Ẹmu ńkọ́?"

Olójèdé bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹmu kì í ṣe omi!"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Kókó ẹran kan wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká bí òrùka. Bí àgbà bá ń dé, ó ń wú. Ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á. Ṣùgbọ́n àjókòó àárọ̀ dalẹ́, ọ̀rá ẹran, ẹmu àti ìmúmọ́ra ń dá kún ìnira rẹ̀. Ẹ fi ẹran díndín àti ẹmu ìrọ̀lẹ́ yín rúbọ. Àpótí tí ẹ fi ń jókòó, ẹ gbé e lọ sídìí igi ọdán ẹ̀yìn ìlú. Láràárọ̀, ẹ rìn lọ gbé e. Nírọ̀lẹ́, ẹ dá a padà. Ẹ máa mu omi lọ́sàn-án, ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso. Kí dókítà sì yẹ̀ yín wò, nítorí wíwú kan kò jọ̀kan."

Láníhùn ṣe háà. "Kí ni òrìṣà fẹ́ fi àpótí ṣe?"

"Kò fẹ́ àpótí, bàbá. Ẹsẹ̀ yín ló fẹ́."

Olójèdé gbọn aṣọ rẹ̀, ó dìde. "Èmi tí mo ṣì ní eyín, kí n máa fi ẹran tọrẹ? Ó dàbọ̀!"

Láníhùn rúbọ. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Bàbá Alápòótí, kò bínú. Ó ń ṣọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ aṣọ tuntun: ọjọ́ tó bá tọ́ ẹmu wò, ìtọ̀ a dààmú rẹ̀, ọjọ́ tó bá rìn dáadáa, ara a fúyẹ́. Nígbà tó tún dìde lórí òfì lọ tọ̀, ó sáré padà wá wo aṣọ. Kò wọ́! Dókítà fún un lóògùn, ó ń lò ó. Kókó náà kò pòórá o, ṣùgbọ́n ìnira rẹ̀ rọlẹ̀.

Ọjọ́ ọdún pé. Láníhùn di etí ọ̀tún mú, ó bá ọba dé ojúbọ. Ní àárín ọ̀nà, ìtọ̀ Olójèdé, tó ti fi ẹmu kí ọdún káàbọ̀, sé pátápátá. Inú rẹ̀ le bí igbá, ó jọ̀wọ́ etí òsì tó dì mú, aṣọ ọba wọ́ nílẹ̀. Ọsibítù ni wọ́n gbé e lọ, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fa ìtọ̀ náà jáde.

Ẹni tó gbẹ́bọ tó rú u dé ibi tó ń lọ; ẹni tó fi ẹbọ ṣẹ̀fẹ̀ fi àbámọ̀ bora. Nígbà tí Láníhùn lọ kí i, Olójèdé kò lè wò ó lójú.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣé àyè ṣì wà nídìí ọdán yẹn fún àpótí kan sí i?"