Ìdí Tí Ihò Òkété Fi Ní Ju Ẹnu Kan Lọ

Nígbà láéláé, Òkété kì í gbé inú ihò. Ilé tó ní ẹsẹ̀ ló ń gbé. Òpó igi ló gbé ilé náà sókè, ọparun tí wọ́n tò mọ́ra ni ilẹ̀ rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì ṣófo. Kò sí ẹranko tó mọ ilé í pa bí Òkété. Bó bá fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ ilé tán, ńṣe ni yóò máa dán, ojú á sì máa ti àlejò láti tẹ̀ ẹ́.

Ìbànújẹ́ kan ló ní. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í dúró. Nígbà tó bí èyí tó gbẹ̀yìn, ó sọ ọ́ ní Málọmọ́, ó sì ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó ekùrọ́ wálé fún un láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Málọmọ́ ń gbọ̀n. Òkété bínú, ó dúró de Afẹ́fẹ́ tó máa ń gba abẹ́ ilé kọjá.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń pa mí lọ́mọ!" ni Òkété pariwo. "Otútù yín ló ń pa wọ́n!"

"Rárá o, ọmọ mi," ni Afẹ́fẹ́ dáhùn. "Ọ̀rinrin ń bẹ nínú ilẹ̀ lábẹ́ ilé rẹ. Kì í pariwo, kò sì láàánú. Láràárọ̀ ni mo ń fà á lọ́wọ́ jáde. Bí mi ò bá rí ọ̀nà gbà, àyà ọmọ rẹ ló máa jókòó lé."

"Ẹ gbà mí! Ọmọ tí mo gbé dání ń gbọ̀n, ẹ ń sọ ti ẹni tí mi ò rí!"

Afẹ́fẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Òkété po amọ̀, ó mọ ọ́n yí ẹsẹ̀ ilé ká, láti ilẹ̀ títí dé ìdí ọparun. Ó rẹ́ ẹ, ó dán. Abẹ́rẹ́ kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn aládùúgbò wá wò ó, wọ́n ń yìn ín. Áà, ọwọ́ tó mọṣẹ́! Ọwọ́ náà ló padà ṣe é ní jàǹbá.

Lóòótọ́, ilé móoru. Málọmọ́ ń rẹ́rìn-ín, inú ìyá rẹ̀ sì dùn.

Ìgbà tó yá, òjò bẹ̀rẹ̀. Omi wọ ilẹ̀, Ọ̀rinrin dìde. Ó retí ẹni tó máa ń fà á jáde, kò rí i, ló bá jókòó. Òpó ń wú, ọparun ń jẹrà, nǹkan funfun hù lára ekùrọ́. Ẹní Málọmọ́ tutù bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Òkété rò pé otútù tún ti rí àyè wọlé, ó sì tún rẹ́ amọ̀ mìíràn lé ti àkọ́kọ́.

"Ìyá mi, àyà mi wúwo," ni Málọmọ́ wí. "Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé díẹ̀."

Ìgbà yẹn ló tó yé Òkété. Ó sáré jáde, ó fi eyín àti èékánná dá ògiri náà lu. Afẹ́fẹ́ dé ibẹ̀, kò lè wọlé.

"Dá òdìkejì lu pẹ̀lú!" ni Afẹ́fẹ́ ké. "Ibi tí mo gbà wọlé kọ́ ni mo máa gbà jáde!"

Òkété sáré lọ sí òdìkejì. Ṣùgbọ́n ògiri náà nípọn, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa lu, èékánná rẹ̀ ti ya. Afẹ́fẹ́ kọjá, ó fa Ọ̀rinrin jáde. Òkété padà wọlé, ó bá a pé Málọmọ́ ti lọ.

Ó sin ọmọ rẹ̀. Kò wá lè fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀ ní òun nìkan pẹ̀lú Ọ̀rinrin. Ló bá gbẹ́ ilẹ̀ tẹ̀lé e, kò sì padà sókè láti gbé mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Òkété ti ń gbé inú ihò, láti ọjọ́ náà ni ihò rẹ̀ kì í sì í ní ẹnu kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ ń gba ọ̀kan wọlé, ó ń gba òmíràn jáde. Àwọn ọdẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn á fẹ́ èéfín sí ẹnu kan, wọn á gbé kùmọ̀ dúró ní èkejì.

Òkété náà mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Síbẹ̀, kò jẹ́ dí ẹnu kejì náà.