Odò Usin àti Àmì tí Lékèélékèé Fò

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ohùn mi kò ròkè lónìí. Ààlọ́ mi rìn títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó wá jókòó sétí odò kan. Ó dá lé orí odò náà, ó dá lé orí Lékèélékèé, ó sì dá lé orí obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọmọlèrè.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹyẹ ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, odò kan ń ṣàn láti orí òkè wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Igi iṣin ló kún etí rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Bí èso wọn bá pọ́n, wọn a lanu, wọn a já sínú omi. Ṣùgbọ́n àwọn ará òkè kì í pe iṣin ní iṣin. Ohun tí àwa ń pè ní ilé, ulé ni wọ́n ń pè é. Ohun tí àwa ń pè ní iná, uná ni wọ́n ń pè é. Usin ni wọ́n ń pe iṣin. Usin náà ni wọ́n sì ń pe odò wọn. Láràárọ̀, kí wọ́n tó ki igbá bọ omi, wọ́n máa ń kọrin sí i. Ẹ bá mi gbè é: Ṣàn o, máa ṣàn.

Usin, ṣé o jí ire?
Ṣàn o, máa ṣàn.
Àwa ọmọ rẹ la tún dé,
Ṣàn o, máa ṣàn.
Bùn wá mu, bùn wá wẹ̀,
Ṣàn o, máa ṣàn.

Ọba ìsàlẹ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ náà, òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo omi tó wà nílẹ̀ òun. Ó rán Lékèélékèé, nítorí pé ó lè fò jìnnà, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ibi tí ó bá ti rí omi, kí ó béèrè orúkọ rẹ̀, kí ó sì fi ẹnu gbẹ́ ẹ sára òkúta.

Lékèélékèé fò, ó kọ. Ó fò, ó kọ. Ó fò, ó kọ. Nígbà tí ó fi dé odò àwọn ará òkè, oòrùn ti pa á, ẹnu ń ro ó. Ó bá Ọmọlèrè tí ó ń fọ aṣọ, òun àti Ìbídùn, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Kí ni wọ́n ń pe omi yìí?"

"Usin ni."

"Kí lẹ wí?"

"Usin."

Lékèélékèé gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ kan kì í bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Àbí iṣin tí a ń jẹ lẹ ń wí?"

"Òun náà ni. Ṣùgbọ́n Usin ló ń jẹ́."

"Iṣin ni n ó kọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láàfin ni ọba ní kí n máa kọ ọ́."

Ó gbẹ́ I. Ó gbẹ́ S. Ó gbẹ́ I. Ó gbẹ́ N. Ó wá ku àmì kékeré tí ó yẹ kí ó wà lábẹ́ S. Ó wo òkúta náà, ó wo ọ̀nà tó kù níwájú òun. Ó ní, "Ẹni tó bá kà á á mọ̀." Ó fò lọ.

Ọmọlèrè kò mọ̀wé. Ó fọwọ́ ra ibi tí ẹyẹ gbẹ́, ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọba rán ẹni tí ń kàwé fún un pé kí ó lọ wo iṣẹ́ Lékèélékèé. Ọkùnrin náà dé òkúta. Kò rí àmì lábẹ́ S. Ọ̀rọ̀ tó mọ̀ tó jọ ọ́ jù ni ó kà. Ó padà dé ààfin, ó ní, "Kábíyèsí, odò òkè ń jẹ́ Ìsìn."

Ọba ní, "Ìsìn? Ta ni wọ́n ń sìn níbẹ̀?"

Ọba rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ni wọn ó máa sìn."

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn ará òkè á kó ọmọ wá sí ààfin, ilé kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn ọmọ náà ń gbálẹ̀, wọ́n ń fọ ìkòkò, wọ́n ń pọnmi. Ẹni tó bá lọ kì í padà wálé.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin òkè kọ́kọ́ lọ bá ọba. Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Kábíyèsí, odò wa kò jẹ́ Ìsìn. Usin ni."

Àwọn tó jókòó láàfin bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ, àwọn yẹn tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n padà sílé.

Àwọn àgbà ló lọ ṣìkejì. Wọ́n ń kọ́ ara wọn lójú ọ̀nà. "Ẹ má pè é ní Usin o. Ẹ pè é bí wọ́n ṣe ń pè é. Ẹ ní Iṣin." Ṣùgbọ́n ahọ́n àgbà ti le, S inú Usin ti mọ́ ọn lára. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ọba, ohun tó jáde lẹ́nu wọn ni, "Isin, Kábíyèsí."

Ọba ní, "Ẹ̀yin náà ti fẹnu ara yín sọ ọ́. Ó kàn ku kí ẹ rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀."

Wọ́n padà sílé. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, ó kan ilé Ọmọlèrè. Wọ́n mú Ìbídùn lọ.

Ọmọlèrè dá lọ ṣìkẹta. Kò múra ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Ó já iṣin tó pọ́n, ó kó o sínú agbọ̀n, ó rù ú dé ààfin, ó kúnlẹ̀, ó gbé e kalẹ̀.

"Kábíyèsí, ohun tí odò wa ń jẹ́ nìyí."

Ọba mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Mo mọ̀, ìyá. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá wọn sílẹ̀, ta ni yóò máa gbá ààfin?"

Ọmọlèrè dìde nílẹ̀. Bí ó ṣe ń jáde, ó rí Ìbídùn lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Wọn kò jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó rìn padà sílé, orúnkún ń dùn ún. Ó jókòó sétí odò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò kọrin. Àwọn tó kù náà kò kọrin.

Odò náà ń ṣàn lọ sísàlẹ̀. Níbẹ̀, Ìsìn ni wọ́n ń pè é láàárọ̀, Ìsìn lọ́sàn-án, Ìsìn nírọ̀lẹ́. Lókè, kò sẹ́ni tó pè é mọ́. Odò ní, "Ta ni wọ́n ń pè? Kì í ṣe èmi. Ó ti rẹ̀ mí." Ó wọ abẹ́ òkúta lọ, ó dùbúlẹ̀.

Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ gbẹ. Ẹran ń kú. Ẹni tí ń kàwé fún ọba dúró sétí ihò odò, ó pè é ní Ìsìn, Ìsìn, Ìsìn. Omi kò mira. Lékèélékèé wá, ó pè é ní Iṣin. Omi mira díẹ̀ lábẹ́ òkúta, ó tún dùbúlẹ̀.

Ọba fúnra rẹ̀ gun òkè lọ. Ètè rẹ̀ ti là. Ó bá Ọmọlèrè níbi tí ó ti ń fi igbá fá omi ẹrẹ̀ nínú kòtò, nítorí òùngbẹ ń gbẹ àwọn ará òkè náà.

"Ìyá, ẹ bá wa pè é."

"Ó ti rẹ̀ mí, Kábíyèsí."

"Ẹ̀yin náà kò rí omi mu."

"A kò rí mu. A kò rí àwọn ọmọ wa náà. Ẹ kó wọn wá ná, gbogbo wọn."

Ọba wo kòtò náà, ó wo ojú obìnrin náà. Ó ránṣẹ́. Wọ́n kó àwọn ọmọ dé. Àwọn mìíràn ti di géńdé, ìyá wọn kò tètè dá wọn mọ̀. Fálétí, bàbá kan tó ti darúgbó, ń wá ọmọ tirẹ̀ láàárín wọn. Kò rí i. Ọmọ náà ti kú láàfin, ẹnikẹ́ni kò sì wá sọ fún un.

Ọmọlèrè gbé Fálétí jókòó. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí òkúta. Ohùn rẹ̀ ti ha.

Usin, àwa la dé,
Ṣàn o, máa ṣàn.
Ó rẹ̀ ọ́, ó rẹ̀ àwa náà,
Ṣàn o, máa ṣàn.
Àwọn tó kù ti dé, dìde,
Ṣàn o, máa ṣàn.

Omi yọ díẹ̀díẹ̀. Ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó dé orúnkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ sísàlẹ̀.

Ọba ní kí Lékèélékèé fi àmì sábẹ́ S, ó sì fi í. Lékèélékèé wá bi Ọmọlèrè pé, "Ìyá, ṣé kí n pa lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ́, kí n kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń pè é?"

Ọmọlèrè ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa kọ tiyín, àwa náà á máa pe tiwa. Ẹ má ṣáà tìtorí rẹ̀ mú ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló wà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, Iṣin ni ẹ ó kà lára òkúta, Usin ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìbídùn gbé ìkòkò, ó fẹ́ lọ pọnmi. Ìyá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Jókòó," ni ó wí. "Èyí tí o ti pọn tó." Ó sì fẹsẹ̀ tó ń dùn ún sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò.

Ohun tí ààlọ́ yìí fi kọ́ wa ni pé kí a béèrè orúkọ lọ́wọ́ àwọn tó ń pè é, kí a sì fara balẹ̀ kọ ọ́, nítorí pé àmì kékeré tí a bá fò lè di ẹrù sórí ọmọ ọlọ́mọ.

Ibí yìí ni ààlọ́ mi ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi.