Ìlà Kan Tí Ọ̀jẹ̀yẹmí Kò Lè Yọ

Ohun tí ẹnu bá ti tu sílẹ̀, ẹsẹ̀ kì í lé e bá. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọ̀rọ̀ padà, ọwọ́ òfo ni yóò gbé wálé. Ohun tí àwọn àgbà awo wí nìyí ní ọjọ́ tí Ọ̀jẹ̀yẹmí ń sunkún, tó ní òun kò láya nílé, iṣẹ́ ọwọ́ òun kò sì ní láárí lójú ẹnikẹ́ni.

Tíṣà ni Ọ̀jẹ̀yẹmí, ṣùgbọ́n ìwé ìtàn ìfẹ́ ló fẹ́ràn láti máa kọ: ìfẹ́ ayé àtijọ́, nígbà tí ọba ń gun ẹṣin lọ sógun, tí ọmọge ń dúró lẹ́bàá odi ìlú, tó ń wọ̀nà. Ó ti kọ méjì rí. Ikán jẹ ọ̀kan, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi èkejì dáná. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rán ọmọ níléèwé, tí òun ń dá ọbẹ̀ sè, tó wá ń kọ nípa ìfẹ́ ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ nìyẹn.

Ìwé kẹta ló kó bá a. Ó kọ ọ́ nípa ọmọge kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀jẹ́, tí wọ́n fi fún ìjòyè arúgbó kan, ṣùgbọ́n tó bá ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin kan sá lọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Kí Àbẹ̀jẹ́ tó lè dà bí ènìyàn gidi, ó gbọ́dọ̀ ní oríkì, àbí ta ni yóò gbà pé ọmọ Yorùbá kan gbé ilẹ̀ ayé rí láìní oríkì? Ọ̀jẹ̀yẹmí bá mú oríkì ilé Ẹlẹ́nì, àwọn tí baba ńlá wọn ń hun ẹní láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò mú un lásán. Ọmọ ilé náà ni Àwẹ̀ró, olólùfẹ́ rẹ̀. Ó rò pé òun ń yẹ́ ẹ sí ni.

Bí wọ́n ṣe ń ki àwọn ará ilé náà nìyí: "Ọmọ Ẹlẹ́nì, ọmọ a-tẹ́ní-kálejò-tó-dé." Ṣùgbọ́n nítorí Àbẹ̀jẹ́ tó sá kúrò nílé ọkọ, Ọ̀jẹ̀yẹmí fi ìlà kan tirẹ̀ kún un: "Ọmọ a-kẹ́ní-kílẹ̀-tó-mọ́." Lọ́jọ́ tí ìlà yìí sọ sí i lọ́kàn, ó dìde lórí àga, ó ń jó. Láti ọjọ́ tó ti ń kọ̀wé, kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ijó yẹn kò tọ́jọ́. Àwọn àgbà ilé Ẹlẹ́nì ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la lórí ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró tó fẹ́ fi ṣaya, òǹtẹ̀wé tó kó ìwé rẹ̀ fún sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀jẹ̀yẹmí bá gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹfúnyẹmí lọ, arúgbó olórìṣà tó ń fi owó ẹyọ wo ọ̀rọ̀ fún ará ìlú.

Ó ní, "Ìyá, ṣé màá fẹ́ Àwẹ̀ró? Ṣé ìwé mi yóò rìn?"

Ìyá da owó ẹyọ sórí àtẹ, ó wò ó títí. "Ire méjèèjì ń bẹ lọ́nà, ọmọ mi, ṣùgbọ́n wọn kò lè jọ gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Kí ló wà nínú ìwé rẹ tó jẹ́ ti ẹlòmíràn?"

Ọ̀jẹ̀yẹmí bá ka ìlà rẹ̀ fún un, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ń retí kí ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà kò pàtẹ́wọ́.

"Ìgbín, obì àti àgbébọ̀ funfun kan," ni Ìyá Ẹfúnyẹmí wí. "Lẹ́yìn náà, yọ ìlà yẹn kúrò kí ẹnikẹ́ni tó rí i, kí o sì sun ún níná. Ìyẹn gan-an lẹbọ. Ìpápánu ni ìyókù."

"Háà, Ìyá! Ìlà yẹn ló gbé gbogbo ìwé dúró. Ẹ jẹ́ kí n mú ewúrẹ́ méjì wá dípò rẹ̀."

"Ta ló bèèrè ewúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ? Oríkì kì í ṣe ẹ̀wù tí a ń yá wọ̀ lọ sóde. Ohun tí o bá fi kún un, ọmọ tí a kò tíì bí ni yóò rù ú."

Ọ̀jẹ̀yẹmí dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀ nù. Lọ́jọ́ kejì, ó so ewúrẹ́ méjì mọ́ ojúde Ìyá, ó lọ. Ìyá kò fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n ń ké títí Ọ̀jẹ̀yẹmí fi wá tú wọn padà.

Àwẹ̀ró náà dé ọ̀dọ̀ Ìyá, ẹkún ló bá wá. Ó ti gbọ́ ìlà yìí lẹ́nu Ọ̀jẹ̀yẹmí fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Ìyá wo owó ẹyọ, ó ní, "Bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá gbà, fẹ́ ẹ. Bó bá kọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tó fún ọ, dá a padà, kí o má sì bojú wẹ̀yìn. Ìfẹ́ rẹ lẹbọ rẹ."

"Ìyá, ẹbọ yìí wúwo."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

Àwẹ̀ró bá Ọ̀jẹ̀yẹmí níwájú ìwé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọ́."

"Àwẹ̀ró, ìtàn àròsọ ni! Ayé ọba ẹlẹ́ṣin ni. Gbogbo wọn ló ti kú."

"Èmi kò tíì kú. Wọ́n á ní ọmọbìnrin ilé wa kì í gbélé ọkọ. Bí mo bá bímọ fún yín, ṣé ìtàn àròsọ ni wọ́n á máa fi kì í?"

Ọ̀jẹ̀yẹmí wo Àwẹ̀ró, ó wo ìwé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọkùnrin tó ní òun kò láya! Ó ní, "Bí ayé bá kà á tán, wàá rí i pé ìyìn ni."

Àwẹ̀ró tú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, ó gbé e lé orí ìwé náà. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí dé ọ̀rá egungun, ó sì jáde. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ìwé jáde, ó sì ràn bí iná ọyẹ́. Ẹni tó mọ̀wé ń kà á, ẹni tí kò mọ̀wé ń gbọ́ ọ. Ìlà tó dùn kì í jókòó sínú ìwé. Ó bọ́ sẹ́nu ọmọdé, ó bọ́ sẹ́nu asunrárà. Bí ọmọbìnrin ilé Ẹlẹ́nì bá dé ìdí omi, wọ́n á ní, "Ẹ yàgò o, ọmọ a-kẹ́ní-kílẹ̀-tó-mọ́ ń bọ̀!" Àfẹ́sọ́nà àbúrò Àwẹ̀ró kọ̀ ọ́; ìyá ọmọkùnrin náà ní òun kò lè gba ẹni tí yóò sá lọ ní ìdájí sínú ilé. Baálé ilé Ẹlẹ́nì, tí àwọn ìyàwó máa ń fi oríkì jí láràárọ̀, sọ fún wọn pé kí wọ́n má ki òun mọ́. Nígbà tó kú, asunrárà kan gbàgbé ara rẹ̀, ó ki ìlà náà mọ́ ọn nídìí pósí.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀jẹ̀yẹmí sáré tọ Ìyá Ẹfúnyẹmí lọ pẹ̀lú ìgbín, obì àti àgbébọ̀ funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá ní, "Ọmọ mi, mo bá ọ kẹ́dùn. Inú ìwé ni mo ní kí o ti yọ ọ́. Ẹnu ayé ló wà báyìí, ta ni yóò ti ibẹ̀ yọ ọ́?"

Síbẹ̀ Ọ̀jẹ̀yẹmí tún ìwé náà tẹ̀, ó yọ ìlà rẹ̀. Àyè rẹ̀ ṣófo lójú ìwé, àwọn òǹkàwé sì ń fi ẹnu ara wọn dí i. Owó dé, òkìkí dé, ṣùgbọ́n bó bá jókòó láti kọ òmíràn, ọ̀rọ̀ kan kì í wá. Ilé rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Kò rí ẹni fẹ́, nítorí kò rí ẹni tí í ṣe Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró ti fẹ́ káfíńtà kan ní ìlú kan lápá odò. Ọkọ rẹ̀ gẹ̀ ẹ́, ó bímọ, ó ń tajà, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀.

Ọdún gorí ọdún. Orí Ọ̀jẹ̀yẹmí ti funfun nígbà tí iléèwé kan ní ìlú yẹn pè é pé kó wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ìwé rẹ̀. Bó ti ń kọjá lọ, ó gbọ́ ohùn kan tí kò ṣàjèjì sí i. Àwẹ̀ró ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tó ń di irun fún Àrìnpé, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Orí ń dun ọmọ náà, ó ń sunkún, ìyá rẹ̀ sì ń fi oríkì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: "Ọmọ Ẹlẹ́nì, ọmọ a-tẹ́ní-kálejò-tó-dé..."

Ọmọ náà dákẹ́ ẹkún, ó rẹ́rìn-ín, ó bá a parí rẹ̀: "Ọmọ a-kẹ́ní-kílẹ̀-tó-mọ́!"

Ọwọ́ Àwẹ̀ró dúró lórí irun. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Tíṣà wa níléèwé ni. Mọ́mì, ó mà dùn o!"

Àwẹ̀ró gbójú sókè, ó rí Ọ̀jẹ̀yẹmí lójú ọ̀nà. Kò bú u, kò sì sunkún. Ó wọlé, ó gbé ẹní jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, tíṣà. Ẹ jókòó."

Ọ̀jẹ̀yẹmí wo ẹní náà. Kò lè jókòó. Ó yí padà, kò dé iléèwé tí wọ́n ti pè é.

Àwẹ̀ró gbọ́ ẹbọ, ó fi omijé rú u, ọmọ sì gbé orí lé e nítan. Ọ̀jẹ̀yẹmí gbọ́ ẹbọ, ó fẹ́ fi ewúrẹ́ méjì ra ìlà kan sílẹ̀. Ó rí ìlà rẹ̀ mú dání. Ìlà náà nìkan ló bí sáyé, kò sì lè pè é lọ́mọ.