Yàrá Ìparí Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ọkùnrin kan ń bẹ tó ń kọ ìtàn abanilẹ́rù fún ilé iṣẹ́ rédíò. Ó kọ ìtàn iwin, ó kọ ti òkú tó ń rìn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín làwọn tó ń gbọ́ ọ ń fi í rín. Ọ̀gá rédíò wá kìlọ̀ fún un pé bí èyí tó kàn kò bá dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, kó má wulẹ̀ mú un wá.

Lásìkò yìí ló gba yàrá nílé opó kan tó ń tiro. Ilé àtijọ́ ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn, ilẹ̀ rẹ̀ sì da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀, débi pé ẹni tó bá ń lọ sí ìparí rẹ̀ á kàn rí i pé ẹsẹ̀ òun ń yára ju bí òun ṣe fẹ́ lọ. Fèrèsé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí a bá ṣí i, ògiri ilé kejì la ó máa wò. Yàrá tó wà ní ìparí pátápátá ní àgádágodo lẹ́nu. Opó náà sọ fún ọkùnrin yìí pé kó máa rìn fàlàlà nínú ilé, àmọ́ kó má dé ẹnu ọ̀nà yẹn. Kò sọ ìdí. Ọkùnrin náà kò sì bi í.

Láti ọjọ́ náà lọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ó ń ṣọ́ obìnrin náà. Ó rí i pé lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, á gbé korobá omi wọnú yàrá náà, á sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Á pẹ́ níbẹ̀. Bó bá jáde, aṣọ á ti wà lórí korobá, á sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ dà á nù. Ọkùnrin náà fetí lé ògiri títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyẹn ló wá bà á lẹ́rù jù.

Ó jókòó, ó kọ ohun tó rí. Kò fi iwin kankan sí i. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kọ, àti fèrèsé tó kọjú sí ògiri, àti ilẹ̀kùn títì, àti opó tó ń tiro lọ tiro bọ̀ pẹ̀lú korobá. Nígbà tí wọ́n kà á lórí rédíò, ara gbogbo ìlú bù máṣọ. Ó wá yé e pé bí a bá fi iwin han ènìyàn, á wò ó tán, á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àyè tó ṣófo hàn án, ohun tó ń bà á lẹ́rù nínú ọkàn ara rẹ̀ ni yóò gbé síbẹ̀. Inú ọ̀gá rédíò dùn, ó ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Àmọ́ àwọn ará àdúgbò mọ ẹni tó ń tiro. Àwọn ìyá ìjọ tó máa ń wá kí opó náà kò wá mọ́. Obìnrin tó ń bá a pọn omi sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun, kò wá mọ́. Nígbà tó yá, ọkùnrin mẹ́ta wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní bí kò bá ṣí yàrá náà, àwọn yóò já ilẹ̀kùn rẹ̀. Opó náà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun láyè di ọ̀la. Ó wá mú kọ́kọ́rọ́, ó lọ bá ayálégbé rẹ̀.

“Wọlé,” ló wí. “Ìwọ lo pè wọ́n wá.”

Yàrá náà mọ́ tónítóní. Obìnrin kan jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, iná ti jẹ ojú rẹ̀ tán. Àyọ̀ká, àbúrò opó náà, ni. Sítóòfù ló bú gbàmù lójú rẹ̀, láti ìgbà náà ló ti bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó má jẹ́ kí ojú àlejò kan òun. Ojúmọ́ kan kò mọ́ kí ẹ̀gbọ́n má fọ egbò náà. Rédíò kékeré kan wà lórí itan Àyọ̀ká, okùn tó fi ń gbọ́ ọ sì wà létí rẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ ń kọ ìtàn yẹn?” ló bi í. “Mi ò fi í sílẹ̀ rí. Ẹ̀rù yàrá náà bà mí gan-an. Ìgbà tí wọ́n ka ti fèrèsé ni mo tó mọ̀ pé inú rẹ̀ ni mo wà.”

Ọkùnrin náà jáde. Ó lọ bá àwọn mẹ́ta yẹn, ó jẹ́wọ́ pé òun kò mọ ohun tó wà nínú yàrá náà nígbà tí òun kọ ìtàn náà. Ó lọ sórí rédíò, ó jẹ́wọ́ níbẹ̀ náà. Àwọn kan gbà á gbọ́. Ọ̀pọ̀ sọ pé opó náà ti fún un ní oògùn jẹ ni. Kí oṣù tó parí, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kó jáde kúrò ní àdúgbò náà lọ́sàn-án gangan, Àyọ̀ká fi gèlè bojú. Ọkùnrin náà bá wọn gbé ẹrù. Opó náà kò dúpẹ́, ọkùnrin náà kò sì retí ọpẹ́.

Ẹ̀yin ni mo ń ṣe àkàwé yìí fún, ẹ̀yin tí ẹ wá bá mi lánàá nítorí ìyàwó àbúrò yín. Ẹ ní bí ẹ bá ti dé ilé wọn, ṣe ló máa ń wọ yàrá lọ, á sì tìlẹ̀kùn. Ẹ ti sọ ohun tí ẹ rò pé ó ń ṣe níbẹ̀ fún ìyá yín. Èmi kò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ̀yin náà kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ ní ó wà nínú yàrá yẹn, ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn lónìí, kí ẹ bi í bóyá ara rẹ̀ le. Bí kò bá ṣí i, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ìyá yín, kí ẹ sọ fún un pé ẹ kò rí nǹkan kan.